Ọ̀gá Apàṣẹ, Ọ̀gá Afọ̀rọ̀lọni, Ọ̀gá Afiṣẹ́léni-lọ́wọ́: Èwo Ni Kẹ́ Ẹ Mú Níbi Iṣẹ́ Oúnjẹ àti Ìlera n'Ìbàdàn?

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi yín ṣe olórí ẹ̀ka oúnjẹ ní ilé ìwòsàn kan ní Mọ̀kọ́lá, tàbí kí ìjọba ìbílẹ̀ gbé ètò oúnjẹ ọmọdé lé yín lọ́wọ́ ní Akínyẹlé, tàbí kẹ́ ẹ ti di sísítà tó ń bójú tó ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan lẹ́bàá Òjé. Ilé ẹ̀kọ́ ti kọ́ yín ní iye kálórì tó wà nínú ife ògì kan, wọ́n sì kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ohun tí wọn ò kọ́ yín tó ni bẹ́ ẹ ṣe máa darí èèyàn mẹ́jọ tí mẹ́ta nínú wọn ti tó bí yín lọ́mọ.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá dé irú ipò yìí, ìwà tiwọn ni wọ́n fi ń darí. Ẹni tó le á máa pàṣẹ, ẹni tójú ń tì á máa bẹ̀bẹ̀, ẹni tíṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn á kó gbogbo ẹ̀ dà sọ́wọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́. Èmi ò gbà pé ìwà ọ̀gá ló yẹ kó pinnu. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ló yẹ kó pinnu. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ gbé àwọn ọ̀nà ìdarí yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí iṣẹ́ gidi, irú èyí tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ nílùú wa, kẹ́ ẹ lè mọ èyí tẹ́ ẹ máa mú àti ìgbà tẹ́ ẹ máa jù ú sílẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó yàn, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta. Bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀ nísinsìnyí, ìgbà wo la máa rí i, ṣé lóru òní ni àbí lẹ́yìn oṣù mẹ́fà? Ọwọ́ ta ni àbájáde iṣẹ́ náà wà, ṣé ọwọ́ òṣìṣẹ́ wa ni àbí ọwọ́ ìyá ọmọ nínú ilé ẹ̀? Ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ rán níṣẹ́ yìí, báwo ló ṣe mọ̀ ọ́n tó?

Ìpín mẹ́ta tí mò ń lò yìí ti pẹ́. Kurt Lewin, onímọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé irú ẹ̀ jáde ní ọdún 1939: ọ̀gá tó ń pàṣẹ, ọ̀gá tó ń fọ̀rọ̀ lọ àwọn èèyàn rẹ̀, àti ọ̀gá tó fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa ṣe é bó ṣe wù wọ́n. Àwọn ọmọkùnrin kéékèèké tó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi wádìí ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Síbẹ̀, ohun kan tí wọ́n rí níbẹ̀ kan wọ́ọ̀dù gbọ̀ngbọ̀n: lọ́dọ̀ àwọn tí ọ̀gá wọn ń pàṣẹ, bí ọ̀gá bá ti jáde nínú yàrá báyìí, ọwọ́ iṣẹ́ á dẹ̀. Mo máa padà sórí ìyẹn.

Níbi tí àṣẹ ti ń gba ẹ̀mí là

Ẹ wo ọmọ ọdún kan tí àìjẹunrekánú ti mú débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú. Wọ́n dá a dúró sí wọ́ọ̀dù. Mílíìkì F-75 ni wọ́n kọ́kọ́ máa fún un, èyí tó ní kálórì 75 nínú mílílítà 100. Ìyá ọmọ á máa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n bu sí i, torí ó ń wo bí ọmọ òun ṣe gbẹ. Òṣìṣẹ́ tuntun tí àánú ń ṣe lè rò pé bó bá ṣe yó tó ni á ṣe tètè sàn tó. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ara tí ebi ti ń pa látọjọ́ pípẹ́ kò lè gba oúnjẹ púpọ̀ lójijì, ọkàn ọmọ náà lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni, ní wákàtí méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, tọ̀sán-tòru, títí ara á fi rọ̀ ọ́ díẹ̀, kí wọ́n tó rọra gbé e bọ́ sórí F-100, mílíìkì tí kálórì rẹ̀ ju ti F-75 lọ.

Irú iṣẹ́ báyìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpàdé. Kò sí "kí lẹ rò sí i" níbẹ̀. Olórí á sọ iye mílílítà, á kọ ọ́ sára ògiri níbi tí wọ́n ti ń po mílíìkì, tó bá sì dé láàárọ̀, ohun àkọ́kọ́ tó máa béèrè ni àkọsílẹ̀ aago méjì òru.

Bákan náà ni ilé ìdáná ilé ìwòsàn. Abọ́ mẹ́ta wà lórí tábìlì: ti ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ti ẹni tí kídìnrín rẹ̀ ti ń dáṣẹ́ sílẹ̀. Lójú ẹni tó ń gbé wọn kiri, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀fọ́ tó wúlò fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru lè gbé pọtásíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ oníkídìnrín ga débi tó máa pa á. Òfin ló yẹ ibẹ̀: orúkọ àti nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì lára abọ́, kí ẹni tó gbé e lọ sì pe orúkọ aláìsàn sókè kó tó gbé e kalẹ̀. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí, ọjọ́ yẹn náà ni kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀.

Ní oṣù keje ọdún 2014, nígbà tí Patrick Sawyer, ọkùnrin kan tó ti Làìbéríà wá, gbé àrùn Ebola wọ Èkó, Dókítà Stella Ameyo Adadevoh tó ń tọ́jú rẹ̀ kò pe ìpàdé pé bóyá kí wọ́n jẹ́ kó máa lọ. Wọ́n fúngun mọ́ ọn pé kó tú ọkùnrin náà sílẹ̀, ó ní kò ní lọ síbì kankan. Àrùn náà pa òun fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Ogún èèyàn ló ní i ní Nàìjíríà, títí kan Sawyer fúnra rẹ̀, mẹ́jọ kú nínú wọn, nígbà tó sì di ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, àjọ WHO kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ ro iye ẹni tí ì bá kú ká ní ó gbà fún wọn. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ dé bá wa mọ́, ṣùgbọ́n bó bá dé, ọ̀gá apàṣẹ la fẹ́.

Àmọ́ àṣẹ ní àléébù méjì, mi ò sì fẹ́ kẹ́ ẹ fojú kéré wọn. Èkíní ni ohun tí Lewin rí: àṣẹ kì í ṣọ́ òru. Tí ẹ bá ti wọkọ̀ relé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀rù yín nìkan ló ń bà á kò ní jí ní aago méjì òru po F-75. Ẹni tó bá mọ ìdí tí ọmọ náà kò fi gbọ́dọ̀ jẹ púpọ̀ ló máa jí. Nítorí náà, bí ẹ bá ń pàṣẹ, ẹ sọ ìdí rẹ̀ mọ́ ọn.

Èkejì burú ju ìyẹn lọ. Níbi tí ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ bá pọ̀ sí, ẹnu máa ń wúwo. Ẹni tó gbé abọ́ fún ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀ á yáa gbé e kúrò, á dákẹ́, ẹ ò sì ní mọ̀ láéláé pé bẹ́ẹ̀dì 7 àti bẹ́ẹ̀dì 17 ni wọ́n máa ń ṣì mú fún ara wọn. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ìyà wà fún ẹni tó bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ẹni tó fúnra rẹ̀ wá sọ ọ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, kẹ́ ẹ sì yí nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì padà.

Níbi tí àṣẹ kò ti ràn án

Ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni, ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan lágbègbè Yemẹtu. Àwọn ìyá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ọmọ lẹ́sẹ̀, báàgì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Sísítà dúró níwájú: "Ọmú nìkan, oṣù mẹ́fà gbáko! Kò sí omi, kò sí àgbo!" Gbogbo wọn dáhùn pé, "Ẹ ṣé, sísítà." Wọ́n délé, ìyá ọkọ ti gbé àgbo kaná. Ìyàwó tó ń gbé agbo ilé ọkọ rẹ̀ ní Bẹẹrẹ, kò láṣẹ lórí ìkòkò yẹn. Ẹni tó láṣẹ kò sí lórí bẹ́ǹṣì.

Ọ̀gá afọ̀rọ̀lọni á ní kí wọ́n mú màmá wá. Á sì fi ìbéèrè bẹ̀rẹ̀:

"Màmá, nígbà tẹ́ ẹ bí bàbá ọmọ yìí, kí lẹ kọ́kọ́ fún un mu?"

"Omi gbígbóná àti àgbo ni o. Ṣé ó kú ni?"

"Kò kú o, Màmá. Ẹ kú ìtọ́jú, ẹ máa jèrè ẹ̀. Omi wo lẹ fi ń se àgbo nígbà yẹn?"

"Kànga ẹ̀yìnkùlé wa. Omi yẹn mọ́ lóló."

"Ti ìsinsìnyí ńkọ́?"

"Háà. Ti ìsinsìnyí, ṣaláńgá ti sún mọ́ ọn jù."

Ẹnu màmá fúnra rẹ̀ lọ̀rọ̀ ti jáde. Láti ibẹ̀ lọ, kò ṣòro láti sọ fún un pé omi tó wà nínú ọmú ìyá tó ọmọ títí oṣù mẹ́fà á fi pé, bí oòrùn ṣe wù kó mú tó. Ó lè gbà lọ́jọ́ yẹn, ó sì lè má gbà, ṣùgbọ́n ó ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nígbà tí ògì lásán kò bá tó mọ́, tí wọ́n sì ń fi han àwọn ìyá bí wọ́n ṣe ń po ẹ̀wà sóyà lílọ̀, ẹ̀pà tàbí ẹja gbígbẹ mọ́ ọn, màmá yìí kan náà ló máa sọ irú ẹja tówó wọn ká lọ́jà.

Ọ̀gbẹ́ni kan tó mọ agbára irú ọ̀nà yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo. Láti ọdún 1954 ní Arò, l'Abẹ́òkúta, kò ti àwọn alárùn ọpọlọ mọ́lé. Ó jẹ́ kí wọ́n máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, àwọn ará abúlé sì di ara ìtọ́jú náà. Òun ló di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn lẹ́yìn náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992, náà gbé ìlera alábọ́ọ́dé lé ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ àti ìgbìmọ̀ àwọn ará àdúgbò. Àwọn méjèèjì rí i pé ohun tó máa wáyé nínú ilé èèyàn, onílé gbọ́dọ̀ bá wọn dá sí i.

Láàárín òṣìṣẹ́ náà, ìfọ̀rọ̀lọni ní ibi tó ti tayọ. Òṣìṣẹ́ ìlera kékeré tó ń gbé lẹ́bàá Òjé ló mọ̀ pé bó bá ti bọ́ sí ọjọ́ ọjà aṣọ òkè, ẹnikẹ́ni kò ní gbé ọmọ wá wọ̀n. Ìwé ètò tó ti ọ́fíìsì wá kò mọ̀. Bí ẹ kò bá bi í, kò ní sọ, ẹ ó kàn dé ibẹ̀ bá àga òfìfo.

Ìṣòro rẹ̀ lọ́dọ̀ wa ni ọ̀rọ̀ àgbà. Ọ̀gá á ní, "Ẹ sọ tẹnu yín," yàrá á pa lọ́lọ́. Àgbà kan á sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á ní ẹnu wọn lẹ fi sọ ọ́, ìpàdé parí. Ìyẹn kì í ṣe ìfọ̀rọ̀lọni, àṣẹ tó wọ aṣọ ìpàdé ni. Ohun tó máa ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹni tó kéré jù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, tàbí kí kálukú kọ èrò rẹ̀ sórí bébà láìkọ orúkọ, kí ọ̀gá sì sọ tirẹ̀ kẹ́yìn. Ẹ sọ fún àwọn àgbà ṣáájú ìdí tẹ́ ẹ fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, kó má baà dà bí ìwọ̀sí.

Kọ́kọ́rọ́ ta ni?

Ìyá kan gbé ọmọ dé láti ọ̀nà Mọ́níyà sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan tí mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òṣìṣẹ́ wé téèpù mọ́ apá ọmọ, ó bọ́ sí pupa, kò tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, àmì pé àìjẹunrekánú ti mú un gan-an. Ó yẹ ẹsẹ̀ ọmọ wò, kò wú. Ó yẹ ara rẹ̀ wò, kò gbóná. Ohun tó kù ni kó fún ọmọ náà ní oúnjẹ ẹlẹ́pà inú sáṣẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ń pè ní RUTF, kó wò ó bóyá ó máa fẹnu gbà á, kó sì ka èyí tó máa tó o jẹ lọ́sẹ̀ yẹn fún ìyá rẹ̀. Sáṣẹ́ẹ̀tì kan jẹ́ gíráàmù 92, ó sì ní kálórì 500. Páálí rẹ̀ wà nínú sítóò, mo ń rí i láti ojú fèrèsé. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀gá, ọ̀gá sì wà níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan. Wọ́n ní kí ìyá náà padà wá lọ́jọ́bọ̀. Owó ọkọ̀ tó fi wá, ó yá a ni.

Òṣìṣẹ́ yẹn mọṣẹ́ dunjú. Iṣẹ́ ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, wọn ò gbé àṣẹ lé e. Ohun tí mo kórìíra jù nínú gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà darí ilé ìwòsàn nìyí, torí ó jọ ìfọkàntánni, kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá máa fiṣẹ́ léni lọ́wọ́, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Ẹ fi ìwé tó ń sọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ tì í: ó lè fún ọmọ tí apá rẹ̀ wà ní pupa ní RUTF láìbéèrè, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá wú tàbí tí ọmọ kò bá jẹun, kó dá a ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀. Ẹ sì dá ọjọ́ tẹ́ ẹ máa jọ jókòó wo rẹ́jísítà. Láìsí ọjọ́ yẹn, kì í ṣe pé ẹ fiṣẹ́ lé e lọ́wọ́, ẹ pa á tì ni.

Pé ó ṣeé ṣe, ilẹ̀ Yorùbá ti rí i. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley tó wà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, dá ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Nọ́ọ̀sì ló ń rí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ náà, tó ń wọ̀n wọ́n, tó ń fún wọn ní oògùn, kì í ṣe dókítà. Ìwé ìwọ̀n tí wọ́n ń fi ìlà fa ìdàgbàsókè ọmọ sí, tó wà lọ́wọ́ àwọn ìyá kárí ayé lónìí, ibẹ̀ ló ti gbilẹ̀. Bébà kan tí ìlà wà lára rẹ̀ ló jẹ́ kí nọ́ọ̀sì mọ ìgbà tóun lè dá ṣe é àti ìgbà tó yẹ kóun ké sí dókítà.

Ta ló tó fiṣẹ́ lé lọ́wọ́? Paul Hersey àti Ken Blanchard, ará Amẹ́ríkà méjì tó kọ̀wé lórí ìdarí, sọ ọ́ ní ọdún 1969 pé bí òṣìṣẹ́ bá ṣe dàgbà sínú iṣẹ́ ni kí ọ̀gá ṣe máa yí ọwọ́ padà: ẹni tuntun, ẹ sọ fún un, ẹni tó ti ń mọ̀ ọ́n, ẹ máa ṣàlàyé fún un, ẹni tó mọ̀ ọ́n àmọ́ tí àyà ń já, ẹ dúró tì í, ẹni tó mọ̀ ọ́n tó sì gbóyà, ẹ kúrò lọ́nà. Ẹ kíyè sí i pé orí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni. Nọ́ọ̀sì ogún ọdún lè jẹ́ ẹni tuntun bó bá di ti F-75.

Bí mo ṣe máa yàn án nìyí fún àwọn iṣẹ́ tó wọ́pọ̀:

| Iṣẹ́ | Ọ̀nà tí mo máa mú | Ìdí |
|---|---|---|
| Pípo F-75 àti fífún ọmọ lóru | Àṣẹ, pẹ̀lú àlàyé | Àṣìṣe rẹ̀ lè pa ọmọ kílẹ̀ tó mọ́ |
| Oúnjẹ oníkídìnrín àti alátọ̀gbẹ | Àṣẹ | Abọ́ jọra, ara aláìsàn ò jọra |
| Kọ́lẹ́rà bẹ́ sílẹ̀ ládùúgbò | Àṣẹ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ìfọ̀rọ̀lọni lẹ́yìn náà | Omi kànga kì í ṣe tiwa, ti àdúgbò ni |
| Ọ̀rọ̀ ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà | Ìfọ̀rọ̀lọni | Ilé ni wọ́n ti ń ṣe é |
| Ọjọ́ tí a máa lọ sí àdúgbò | Ìfọ̀rọ̀lọni | Òṣìṣẹ́ kékeré ló mọ ọjọ́ ọjà |
| Wíwọn apá àti pínpín RUTF | Ìfiṣẹ́léni, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ | Ìyá kò lè máa padà wá |

Owó àti ìran

Nínú ìwé tí James MacGregor Burns, ará Amẹ́ríkà, kọ lórí ìdarí ní ọdún 1978, ó ya olórí tó ń fi nǹkan ṣe pàṣípààrọ̀, ṣe èyí kí n fún ọ ní tọ̀hún, sọ́tọ̀ sí olórí tó ń yí ọkàn àwọn èèyàn rẹ̀ padà. Bernard Bass gbé e wọ ibi iṣẹ́ ní 1985. Àwọn èèyàn máa ń fẹ́ kí n sọ pé ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ló dára jù. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo.

Nígbà ọ̀sẹ̀ ìlera ìyá àti ọmọ, tí wọ́n ń kán fítámì A sẹ́nu ọmọ, 100,000 IU (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn fítámì) fún ọmọ oṣù 6 sí 11, 200,000 IU fún ọmọ oṣù 12 sí 59, iṣẹ́ tó ṣeé kà ni. Ẹ fún àwọn tó ń kán an lówó wọn lásìkò, bí ẹ ṣe bá wọn ṣàdéhùn. Ọ̀rọ̀ ìran, ìyẹn ti olórí tó ń yí ọkàn èèyàn padà, kò ra ata. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wá ní ẹ máa san owó fún iye ìyá tí òṣìṣẹ́ bá sọ̀rọ̀ ọmú, rẹ́jísítà á kún fọ́fọ́, ọmú kò ní kún. Ohun tí ojú lè kà ni kẹ́ ẹ fi owó sí. Èyí tí ojú kò lè kà, ọkàn òṣìṣẹ́ nìkan ló lè ṣe é dáadáa.

Owó oṣù kò sí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú yín, mo mọ̀. Jàpá náà kò sí lọ́wọ́ yín. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni rósítà: ta ló ń ṣe òru ọjọ́ àìkú ní gbogbo ìgbà? Orúkọ ta ni ẹ máa ń kọ ránṣẹ́ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́? Àwọn òṣìṣẹ́ ń ka ìyẹn ju bí ẹ ṣe rò lọ, ọ̀pọ̀ ló sì ti tìtorí ẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó rí físà.

Abẹ̀wò ọlọ́pàá àti abẹ̀wò ẹlẹgbẹ́

Ọkọ̀ dé láti ọ́fíìsì. Alábòójútó bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìbéèrè. Ṣé ìwọ̀n wà? Ó wà. Téèpù apá ńkọ́? Ó wà. Ṣé rẹ́jísítà kún? Ó kún. Ó buwọ́ lù ú, ó mu mínírà, ó lọ. Abẹ̀wò ọlọ́pàá nìyẹn.

Ọ̀nà kejì, ti ẹlẹgbẹ́, ni kó jókòó ti òṣìṣẹ́ nígbà tó ń wọn ọmọ, kó máa wò ó. Á rí i pé ìwọ̀n kò tíì padà sí òdo kí wọ́n tó gbé ọmọ kọ́ ọn. Á rí i pé ọmọ wọ súẹ́tà àti nápì tó ti tutù, tí wọ́n sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Á rí i pé ẹ̀bá ìgbọ̀nwọ́ ni wọ́n wé téèpù mọ́, dípò àárín méjì apá òsì, láàárín góńgó èjìká àti góńgó ìgbọ̀nwọ́, kí apá náà rọ̀ sílẹ̀, kí téèpù má fún un, kó má sì dẹ̀. Mílímítà méjì péré lè jẹ́ ààlà láàárín ọmọ tó máa gba ìtọ́jú àti èyí tí wọ́n máa ní kó máa lọ sílé. Kò sí ìwé ìbéèrè tó lè rí mílímítà méjì.

Alábòójútó tó mọ̀ ọ́n ṣe kò ní kígbe níwájú àwọn ìyá. Á ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká jọ tún un wọ̀n," á di apá ọmọ mú, á jẹ́ kí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ rí ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀.

Èyí ń gba àkókò o. Ẹni tó ń lọ sí ibùdó márùn-ún lójúmọ́ kò lè ṣe é. Èmi á sọ pé kó lọ sí méjì. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ ju ìwé ìbéèrè nù: kíka páálí inú sítóò, oògùn tó ti kọjá ọjọ́, fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára tó gbọ́dọ̀ wà láàárín 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Celsius, abẹ̀wò ọlọ́pàá ló yẹ wọ́n, kẹ́ ẹ sì máa dé láìròtẹ́lẹ̀.

Ẹni tó pẹ́ jù àbí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù

Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ Olúbàdàn. Ìlà méjì ni, ti Ọ̀tún àti ti Balógun, èèyàn á ti Mọ́gàjí bọ́ sí Jagun, á máa gun àtẹ̀gùn tó lé ní ogún, títí á fi kàn án. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa ń fi ipò jẹ bẹ́ẹ̀ náà, ó sì ní ọlá tirẹ̀: gbogbo èèyàn mọ ẹni tó kàn, ìjà kì í pọ̀. Fún ipò tó jẹ́ ti ìwé, ìpàdé àti píparí aáwọ̀, ẹ fi í fún ẹni tó pẹ́ jù. Àgbà mọ ilé, ó mọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ kí nǹkan tó yí.

Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń po mílíìkì ọmọ tí àìjẹunrekánú mú, àti ibi tí wọ́n ti ń ṣètò oúnjẹ oníkídìnrín, ẹni tó kọ́ ọ ni kó darí ibẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ òun ló kéré jù. Ọmọ tó gba irú ipò bẹ́ẹ̀ kò ní tìtorí rẹ̀ gbàgbé ìkúnlẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún òṣùwọ̀n yìí wò," máa ń ṣiṣẹ́ ju "Ẹ ti ṣì í" lọ. Ìyáàfin Kofoworola Abeni Pratt, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ mátírọ̀nù ní UCH, ní àwọn ọdún 1960, kò ti àtẹ̀gùn ọjọ́ orí débẹ̀. Ó ti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì yanjú ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ́nù kí wọ́n tó gbé e fún un.

Ohun kan ṣì kù tó máa ń da ibi iṣẹ́ rú, yálà àgbà ló ń darí tàbí ọmọdé. Henri Fayol, ará Faransé, kọ ọ́ ní 1916 pé ẹnì kan ṣoṣo ni kí òṣìṣẹ́ máa gba àṣẹ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní ilé ìdáná wa, dókítà á ní kí wọ́n dín iyọ̀ kù fún bẹ́ẹ̀dì 12, nọ́ọ̀sì á ní kí wọ́n fún un lẹ́yin, onímọ̀ oúnjẹ á ní kí wọ́n má fún un, alásè á sì wo ojú ẹni tó pariwo jù nínú wọn. Ẹ lẹ ìwé kan mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná, kí oúnjẹ gbogbo bẹ́ẹ̀dì wà lára rẹ̀. Onímọ̀ oúnjẹ nìkan ló ń kọ ọ́, òun nìkan ló ń pa á rẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ìyípadà, kó bá a sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ dókítà àgbà. Tó bá di alẹ́, tí onímọ̀ oúnjẹ ti lọ sílé, bírò yẹn bọ́ sọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó wà lórí díútì, kó kọ orúkọ rẹ̀ àti aago sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó bá yí padà, kí alásè àárọ̀ lè mọ ẹni tó máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.